Bí A Ṣe Ń Kó Ẹbí Lọ sí Marrakech Láìjẹ Gbèsè

Bí ẹ bá bi mí pé ibo ni owó wa gbà lọ nígbà tí a kọ́kọ́ dé Marrakech ní Mòrókò, mi ò ní dárúkọ bàálù, mi ò sì ní dárúkọ ilé tí a sùn. Ìyẹn la ti ṣírò láti London kí a tó gbéra. Dírámù (owó Mòrókò) mẹ́wàá níhìn-ín, ogún lọ́hùn-ún, ló tán wa lówó: owó ẹni tó júwe ọ̀nà, owó ẹni tó gbé ejò kọ́ ọmọ lọ́rùn, owó omi tí a rà lójú agbo. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, bàbá àwọn ọmọ jókòó sétí ibùsùn, ó ń ka owó ẹyọ, ó ní, "Ìyá Títí, àwa náà la ná owó yìí ni àbí wọ́n jí i?" Nígbà tí a tún lọ, àwa márààrún náà ni, ọjọ́ mẹ́fà náà la lò, owó tí a ná kò sì tó ìdá méjì nínú mẹ́ta ti àkọ́kọ́. Bí a ṣe ṣe é rèé.

1. Ẹ mú àsìkò kí ẹ tó wo owó tíkẹ́ẹ̀tì

Marrakech kò sí létí òkun. Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú nítòsí òkè Atlas ló wà, ooru ibẹ̀ kò sì mojú ọmọdé. Nínú oṣù Keje àti Kẹjọ, ó sábà máa ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tíkẹ́ẹ̀tì lè rọjú nígbà náà o, ṣùgbọ́n inú yàrá lẹ máa há mọ́ láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Oṣù Kẹta sí Karùn-ún, àti Kẹwàá sí Kọkànlá, ló tura jù. Ìsinmi àárín sáà inú oṣù Kẹwàá làwa máa ń lò.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní England, ẹ má jẹ́ kí tíkẹ́ẹ̀tì pọ́ọ́kú tó bọ́ sí ọ̀sẹ̀ iléèwé tàn yín. Láti ọdún 2024, ìtanràn lórí ọmọ tó pa iléèwé jẹ nítorí ìrìn àjò ti di 80 pọ́ùn, orí òbí kọ̀ọ̀kan àti orí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ni wọ́n ń kà á. Òbí méjì, ọmọ mẹ́ta: 480 pọ́ùn nìyẹn, tí ẹ kò bá sì tètè san án, yóò di ìlọ́po méjì.

Ẹ wo ìgbà tí ààwẹ̀ Ramadan bọ́ sí pẹ̀lú. Alẹ́ ibẹ̀ máa ń dùn nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ibi tí oúnjẹ ti rọjú kì í ṣí lọ́sàn-án, ọmọ ọdún mẹ́rin tí ebi ń pa kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ sààrì àti ìṣínu.

2. Ìwé

Ẹni tó bá ní ìwé ìrìnnà Britain kò nílò físà fún ìrìn tí kò kọjá 90 ọjọ́. Ẹni tó bá mú ti Nàìjíríà dání gbọ́dọ̀ gba físà kó tó gbéra. Ilé tí ìwé àwọn ọmọ jẹ́ ti Britain tí ti bàbá ṣì jẹ́ ti Nàìjíríà pọ̀ láàárín wa, nítorí náà ẹ yẹ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀, kí ẹ má lọ fi ojú ìwé ẹnì kan wo gbogbo ilé.

Ìyá tí orúkọ ìdílé rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọmọ, kó mú ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ dání. Bí òbí kan ṣoṣo ló ń kó wọn lọ, kí èkejì kọ lẹ́tà pé òun fọwọ́ sí i. Ní papakọ̀ Marrakech, ẹ má kúrò níwájú òṣìṣẹ́ títí tí yóò fi lu òǹtẹ̀ sí ìwé gbogbo yín. Ẹ sì fi dúróònù (ẹ̀rọ kékeré tó ń fò) ọmọkùnrin yín sílẹ̀ nílé, nítorí wọ́n á gbà á ni.

3. Bàálù àti ẹrù

Láti London, bàálù tààrà ń lọ láti Gatwick, Stansted àti Luton, kò sì tó wákàtí mẹ́rin. Ẹrù ló ń sọ tíkẹ́ẹ̀tì pọ́ọ́kú di ọ̀wọ́n. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù gbé báàgì kékeré tó wọ abẹ́ àga, kí ẹ san owó àpótí ńlá kan péré fún gbogbo ilé. Aṣọ mẹ́ta-mẹ́ta tó. Oòrùn ibẹ̀ ń gbẹ aṣọ kíákíá.

Ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó lè wọ Royal Air Maroc lọ sí Casablanca tààrà. Ní papakọ̀ yẹn gan-an ni yóò ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ibùdókọ̀ Casa Voyageurs, ọkọ̀ ojú irin mìíràn yóò wá gbé e dé Marrakech ní nǹkan bíi wákàtí méjì àtààbọ̀ sí mẹ́ta. Ó máa ń dín owó kù ju kí a tún wọ bàálù kejì.

4. Ilé tí ẹ máa sùn

Ilé méjì ló wà fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀: yàrá onílé ìdáná ní Gueliz, tó jẹ́ apá ìlú tuntun, tàbí ilé àtijọ́ nínú medina, ìlú àtijọ́ tí odi pupa yí ká. Riad ni wọ́n ń pe ilé ti medina. Ẹni tó bá ti wọ agbo-ilé àtijọ́ tó ní àkòdì nílẹ̀ wa yóò mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ògiri gàǹgà ló kọjú sí ìta, kò sí fèrèsé. Ẹ óò kan ilẹ̀kùn, ẹ óò bẹ̀rẹ̀ orí wọlé, àfi bí ojú ọ̀run bá là sórí yín láàárín ilé, tí igi ọsàn kan dúró níbẹ̀, tí yàrá gbogbo kọjú sí i. Ní tèmi, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ. Wọ́n máa ń fi oúnjẹ àárọ̀ kún owó yàrá, ó sì ń gbé ọmọ dé ọ̀sán.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ìbéèrè mẹ́ta ránṣẹ́ sí onílé. Ṣé ọkọ̀ ń dé ibẹ̀, tàbí a máa fẹsẹ̀ rìn, báwo ló sì ṣe jìnnà tó? Báwo ni ògiri orí òrùlé ṣe ga tó? (Orí òrùlé ni wọ́n ti ń jẹun ní ọ̀pọ̀ riad, mo sì ti rí èyí tí ògiri rẹ̀ kò ju orúnkún lọ.) Ṣé ẹ̀rọ tó ń mú yàrá móoru wà? Nítorí ooru ni wọ́n kọ́ ilé wọ̀nyẹn fún, nínú oṣù Kejìlá àti Kìíní, òtútù alẹ́ inú wọn ń wọ egungun.

Ẹ bi í léèrè owó orí àlejò náà, èyí tí ìjọba ń gbà lórí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kò pọ̀, àmọ́ ó ṣeé ṣe kó má sí nínú iye tí ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

5. Owó wẹ́wẹ́

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Òfin kò gbà kí dírámù rìn fàlàlà jáde kúrò ní Mòrókò. 2,000 dírámù ni òdiwọ̀n tí èèyàn lè mú wọlé tàbí mú jáde. Nítorí náà ẹ máa gba owó nígbà tí ẹ bá dé ni. Nígbà tí a lọ, pọ́ùn kan ń lọ fún dírámù 12 sí 13. Ẹ̀rọ tó ń pọ owó lè gba 30 sí 40 dírámù lórí ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá ki káàdì bọ̀ ọ́, torí náà ẹ gba èyí tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má máa gbà á díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ̀rọ náà bá bi yín pé ṣé kí òun bá yín ṣírò rẹ̀ sí pọ́ùn, ẹ kọ̀. Owó ìṣírò tirẹ̀ burú.

Owó bébà igba dírámù ni ẹ̀rọ máa ń pọ̀, ẹyọ kan, ẹyọ kan. Igba dírámù yìí ni ọ̀tá yín. Ẹni tó ta omi dírámù mẹ́fà yóò wò ó, yóò gbé èjìká, yóò ní òun kò ní ṣẹ́ńjì. Awakọ̀ takisí náà kò ní ní. Ẹ bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹ gbé igba náà lọ sí súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá kan ní Gueliz, ẹ ra omi àti bisikíìtì, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ́ ọ fún yín. Àpò mẹ́ta ni mo wá ní báyìí: owó ẹyọ wà lápò ọ̀tún, ogún-ogún dírámù wà lápò òsì, èyí tó tóbi wà nínú báàgì tí mo fi kọ́ àyà. Bí mo bá ń ná ọjà, ẹnikẹ́ni kò rí ju ogójì lọ́wọ́ mi.

6. Láti papakọ̀ wọ ìlú

Papakọ̀ Menara kò ju nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún sí Jemaa el-Fna, ojúde ńlá tó wà láàárín ìlú. Awakọ̀ kan ní 250 dírámù. A kọjá lára rẹ̀, a lọ wọ bọ́ọ̀sì 19, tó ń gbé èèyàn lọ síbẹ̀ ní 30 dírámù lórí ẹnì kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ju mẹ́ta lọ, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: takisí kékeré aláwọ̀ iyanrìn kì í gbé ju èrò mẹ́ta lọ, òfin ni. Takisí ńlá ló ń gbé mẹ́fà, owó rẹ̀ sì ga. Bí ẹ bá máa wọ takisí kékeré méjì, kí àgbàlagbà wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ní kí awakọ̀ tan ẹ̀rọ tó ń ka owó. Bí ó bá kọ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Lálẹ́, owó náà ń fi ìdajì lé, ìyẹn kì í ṣe jìbìtì.

Ẹni tó bá balẹ̀ lóru, kí onílé rán èèyàn wá pàdé rẹ̀. Ẹ má wá ilé nínú medina ní aago méjìlá òru pẹ̀lú ọmọ tó ń sùn léjìká. Aláàárù oníkẹ̀kẹ́ wà lẹ́nu ibodè tó ń ti ẹrù fún èèyàn. Ẹ dá iye lé e kó tó fọwọ́ kan àpótí.

7. Lójú pópó

Ojú ọ̀nà medina tóóró, alùpùpù sì ń gba ibẹ̀ kọjá bí ẹni tí wọ́n ń lé. Bí ẹ bá gbọ́ "Bàlák!", ẹ fara mọ́ ògiri. Apá ọ̀tún lẹ máa rìn, ọmọ kékeré á wà níhà ògiri.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yóò sọ fún yín pé ọ̀nà tí ẹ ń gbà ti dí, pé ọjà awọ ń bẹ lónìí nìkan, kí ẹ máa bọ̀. Ọ̀nà kò dí. Bí ẹ bá tẹ̀ lé e, owó ni. Ẹ kó àwòrán ilẹ̀ ìlú náà sínú fóònù kí ẹ tó kúrò nílé kó lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá sọnù pátápátá, ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù kan, ẹ bi onítọ̀hún. Ẹni tó ń tajà kò ní fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ tẹ̀ lé yín.

Ní ti ọ̀rọ̀ làálì, ojú wa rí i. Obìnrin kan jókòó sórí àpótí kékeré ní Jemaa el-Fna, ó na ọwọ́ sí Títí bí ẹni tó fẹ́ kí i. Ọmọ tí a kọ́ pé kó máa kí àgbà, ó na ọwọ́ tirẹ̀. Kí n tó yíjú, ìyá yẹn ti di ọ̀rùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ti fa òdòdó kan jáde láti inú sírínjì tí kò lábẹ́rẹ́, ó ń wí pé, "Ẹ̀bùn ni, màmá, ẹ̀bùn ni." Òdòdó náà gba ẹ̀yìn ọwọ́, ó gun ìka àárín, ó parí sí èékánná. Ó gbójú sókè: igba dírámù. Mo fún un ní ogún, ó jù ú sílẹ̀. Mo mú un nílẹ̀, mo sọ ọ́ di ọgbọ̀n, ó gbà á. Nísinsìnyí, ọwọ́ àwọn ọmọ mi máa ń wà nínú àpò tí a bá ń kọjá níbẹ̀. Bí tiyín bá fẹ́ làálì, ẹ ní kí onílé júwe obìnrin kan fún yín, kí ẹ sì yẹra fún làálì tó dúdú bí ọ̀dà. Làálì gidi, pupa rúsúrúsú ni. Kẹ́míkà ló wà nínú dúdú yẹn, ó sì máa ń bó ọmọ lára.

Àwọn tó ń fi ọ̀bọ àti ejò ṣeré náà, ẹ má gbé fóònù sókè sí wọn bí ẹ kò bá fẹ́ sanwó. "Lá, ṣúkúrán" ni "rárá, ẹ ṣé". Ẹ wí i lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ máa lọ, ẹ má dúró ṣàlàyé.

8. Oúnjẹ

Búrẹ́dì pẹrẹsẹ róbótó tí wọ́n ń pè ní khobz kò ju dírámù kan àti díẹ̀ lọ. Òun ni ìpìlẹ̀ ètò ìnáwó wa. Láàárọ̀, oúnjẹ onílé. Lọ́sàn-án, khobz, ẹyin sísè, ọsàn àti ólífì láti ọjà, a jẹ ẹ́ lábẹ́ igi. Lálẹ́ la tó jókòó síbi tí wọ́n ti ń gbé oúnjẹ wá báni.

Harira ni ọbẹ̀ tí ẹ máa kọ́kọ́ wá: tòmátì, ẹ̀wà oríṣi méjì, ewéko, díẹ̀ nínú ẹran, ó ki bíi gbẹ̀gìrì tí wọ́n da tòmátì sí. Dírámù márùn-ún sí mẹ́wàá làwo kan níbi tí àwọn ọmọ ìlú ti ń jẹ ẹ́. Msemen, tí wọ́n ká ìyẹ̀fun rẹ̀ ní ìpele-ìpele kí wọ́n tó dín in, dára fún ọmọ tí kò fẹ́ jẹ nǹkan kan. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ couscous, àlìkámà wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ooru omi sè. Àti tanjia, tirẹ̀ tún yàtọ̀: ẹran ni wọ́n kó sínú ìkòkò amọ̀ ọlọ́rùn gígùn, wọ́n gbé e lọ sí ìdí iná ilé ìwẹ̀, wọ́n rì í sínú eérú gbígbóná fún wákàtí púpọ̀. Oúnjẹ Marrakech gan-an nìyẹn. Ẹ ra ti ẹni méjì, ẹ fi khobz jẹ ẹ́ ní ẹni márùn-ún.

Ẹ̀yin tó fẹ́ràn ìgbín, ẹ má retí irú tiwa. Ìgbín wọn kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń yọ ọ́, omi rẹ̀ gbóná pẹ̀lú èròjà. Bàbá Títí mu abọ́ méjì, ó ní òun ṣì ń wá ìgbín.

Tí ilẹ̀ bá ṣú, iná á tàn ní Jemaa el-Fna, èéfín á gorí, àwọn tó ń pe oníbàárà á dí yín lọ́nà. Ẹ jẹun níbẹ̀ lálẹ́ kan ṣoṣo, fún ìran. Ibi tí iye owó wà lójú pátákó ni kí ẹ jókòó, ibi tí ìdílé Mòrókò jókòó sí. Búrẹ́dì àti ólífì tí wọ́n gbé síwájú yín láìbéèrè lè di owó, ẹ bi wọ́n kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Omi oníke ni kí ẹ mu, kí ẹ ra èyí tó tóbi fún ilé, kí ẹ máa dà á sí ike kékeré. Sáṣẹ́ẹ̀tì iyọ̀ àti ṣúgà fún ìgbẹ́ gbuuru, ẹ mú un láti ilé.

9. Ohun tí ẹ máa wò

Jemaa el-Fna kò gba owó ìwọlé. Ọdún 2001 ni UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ́kọ́ kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà aráyé nítorí àwọn asọ̀tàn àti olórin ibẹ̀. Àwọn Gnawa wà níbẹ̀, ìran àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n kó gba aṣálẹ̀ kọjá lẹ́rú nígbà àtijọ́. Gita olókùn mẹ́ta kan ń ké kíkẹ̀, irin méjì-méjì ń lu ara wọn lọ́wọ́ wọn, ara mi bù máṣọ. Títí ní, "Mọ́mì, wọ́n ń jó bíi tiwa." Àwọn yẹn ni mo fún ní ogún dírámù láìjiyàn.

Ọgbà Koutoubia àti ọgbà Cyber Park, ọ̀fẹ́ ni wọ́n, ibòji wà níbẹ̀. Ilé gogoro mọ́sáláṣí Koutoubia ga tó mítà 77, ẹ lè fi mọ ọ̀nà ilé. Ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kò lè wọ inú mọ́sáláṣí náà. Àwọn Mùsùlùmí àárín yín lè lọ kírun.

Ní ti ibi tí wọ́n ń sanwó, ẹ mú méjì. Ààfin El Badi ni mo yàn fún ọmọ nítorí pé ó gbòòrò, àwọn ẹyẹ àkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn sì kọ́ ìtẹ́ sórí ògiri rẹ̀. Ọba Ahmad al-Mansur ti Mòrókò ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ogun tí wọ́n ti ṣẹ́gun àwọn Potogí ní 1578, òun kan náà ló rán ọmọ ogun gba aṣálẹ̀ lọ ba ìjọba Songhai jẹ́ ní 1591. Èkejì ni iléèwé kéwú àtijọ́ Ben Youssef, fún igi tí wọ́n gbẹ́ àti amọ̀ aláràbarà. Ọgbà Majorelle lẹ́wà, àmọ́ owó rẹ̀ lórí ẹni márùn-ún kò bá àpò wa mu. A fo ó.

Láàárín aago kan sí mẹ́rin, ẹ padà sílé kí ọmọ sùn. Ọmọ tó rẹ̀ ló ń ra gbogbo ohun tó bá rí.

10. Ọjà

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni kí ẹ lọ, ọlọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ìsọ̀, ara rẹ̀ balẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ná aṣọ ní Balógun tàbí Gbági, kò sí ohun tí mo fẹ́ kọ́ yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti bí ìdá kan nínú mẹ́ta iye tó pè, kí ẹ má sì dá iye lé ohun tí ẹ kò ní rà, ìwà àbùkù ni lọ́dọ̀ wọn. Sálúbàtà awọ tó pè ní 250, 90 ni mo gbà á, ó sì tún fi tíì ṣe mí lálejò.

Ohun kan tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé èdè wọn kò ṣàjèjì pátápátá. Mo nawọ́ sí àlùbọ́sà, ìyá tó ń tà á ní "bàsílà". Mo ní àlùbọ́sà, ó pè é lẹ́yìn mi, ó rẹ́rìn-ín, ó fi méjì lé e. Èdè Lárúbáwá ló fún wa ní ọ̀rọ̀ yẹn, bó ṣe fún wa ní àlàáfíà àti wákàtí.

11. Ọjọ́ tí ẹ máa lọ

Ẹ ka dírámù tó kù ní alẹ́ tó ṣáájú. Ẹ ra èèlò ọbẹ̀ àti tíì, wọn kò wúwo. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yọ owó bọ́ọ̀sì 19 sọ́tọ̀, 150 fún ẹni márùn-ún, kí ẹ fi í sínú bàtà bó bá gbà. Nígbà tí a kọ́kọ́ lọ, a ná an mọ́ omi ọsàn àti bọ́ọ̀lù, a tún lọ dúró níwájú ẹ̀rọ, ó tún gba 35 dírámù wa, ó sì pọ igba dírámù kan tí ẹnikẹ́ni kò ní ṣẹ́ńjì rẹ̀.